Káàdì bésíbọ́ọ̀lù ìgbà èwe wa: ta ló ṣì ní tiẹ̀ nílé?

AkínAlief

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi fẹ́ ta ilé tí wọ́n ti tọ́ wa ní Alief, ní Houston níbí, wọ́n sì ní kí n wá kó ẹrù mi kúrò ní gáréèjì káwọn akólẹ̀ tó bá mi kó o. Mo ṣe bí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni. Àṣé káàdì bésíbọ́ọ̀lù ni, ó kún páálí bàtà dẹ́nu, páálí lórí páálí. Ti Topps, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì, lọ́dún 1987 ló pọ̀ jù níbẹ̀, èyí tí wọ́n ya àwòrán pákó yí etí rẹ̀ ká. Ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà wà: Fleer wà níbẹ̀, Donruss wà níbẹ̀, Upper Deck náà wà díẹ̀. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni orúkọ tí mi ò pè láti bí ọgbọ̀n ọdún ń já bọ́ lẹ́nu mi: Mike Scott, Glenn Davis, Billy Hatcher, José Cruz, àwọn Astros, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Houston wa, ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń gbá a nínú Astrodome.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé owó wà nínú ẹ̀? Àti pé ta ló tún kó o jọ láàárín yín, kí làwọn òbí yín sì wí sí i? Bàbá tèmi ń pè é ní "bébà ajówó".

Láńre_Atlanta

Háà! Bọ̀dá Akín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o! Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, káàdì Mickey Mantle kan ṣoṣo, Topps 1952, ni wọ́n rà ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Káàdì Honus Wagner, agbábésíbọ́ọ̀lù àtijọ́, kan náà gba mílíọ̀nù 7.25 lóṣù yẹn. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí PSA, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, kí wọ́n fún un ní máàkì, kí wọ́n tì í mọ́ inú ike. Owó ń bọ̀!

BàbáPáálí_Brooklyn

Láńre, rọra o. Mantle tí ò ń wí yẹn àti páálí Akín kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá.

Níbí ní Brooklyn ni Topps ti ṣe káàdì 1952 yẹn. Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps, ló jókòó ti tábìlì ìdáná ilé rẹ̀, tó ń gé bébà tó ń lẹ̀ ẹ́, títí ó fi rí bó ṣe fẹ́ kó rí. Káàdì 407 ni gbogbo ẹ̀dà ọdún náà, Mantle sì ni nọ́ńbà 311, ìyẹn ni pé ó bọ́ sí ọ̀wọ́ tó jáde kẹ́yìn, nígbà tí sáà bésíbọ́ọ̀lù ti ń parí lọ, tí ọkàn àwọn ọmọdé ti kúrò níbẹ̀. Ọjà ò tà. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí títí di 1960, Berger bá kó èyí tó kù sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ìdí tí ẹyọ kan fi ń ra ilé nìyẹn: ẹja ló jẹ ìyókù. Ti Wagner pàápàá, inú páàkì sìgá ni wọ́n ń fi í sí láàárín 1909 sí 1911, ọkùnrin náà sì ní kí wọ́n má lo àwòrán òun mọ́, ni wọ́n bá dá a dúró.

Akín ńkọ́? Láti bíi 1987 títí wọ inú ọdún 1993, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò sùn. Topps nìkan ló ń jẹ gàba tẹ́lẹ̀. Fleer pè wọ́n lẹ́jọ́, kóòtù dá Fleer láre ní 1980, nígbà tó máa fi di 1981 Fleer àti Donruss ti wà lórí àtẹ. Score dé ní 1988, Upper Deck dé ní 1989. Gbogbo Amẹ́ríkà ti gbọ́ pé káàdì àtijọ́ ń mówó wá, bàbá, ìyá, ọ̀gá ọ́fíìsì, oníkálukú ń rà á ní páálí páálí, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ọ̀la. Ohun tí gbogbo ayé ń tọ́jú, ta ni yóò wá rà á lọ́wọ́ ta ni? Àwọn tó ń kó káàdì jọ ní orúkọ fún àsìkò yẹn: junk wax, ìyẹn pàǹtírí inú bébà onída. Àbúrò, páálí rẹ wúwo, àmọ́ kò lè san owó epo tí o máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á.

AkínAlief

Ẹ ṣeun, Bàbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti ba ọjọ́ mi jẹ́.

Àdùkẹ́_SouthSide

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Ta ló rántí gọ́ọ̀mù yẹn?!

Ní 1987, sẹ́ńtì ogójì ni páàkì Topps kan, káàdì mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. Bébà tí wọ́n fi ìda pa lára ni wọ́n fi ń wé e, ìyẹn bébà tó máa ń dún ṣàràṣàrà tó o bá ń tú ìdí ẹ̀. Gọ́ọ̀mù ọ̀hún rí pẹlẹbẹ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyẹ̀fun funfun wà lára ẹ̀, ó sì le bíi kúlíkúlí ọdún tó kọjá. Tó o bá gé e jẹ, á fọ́ wẹ́wẹ́, á gún ọ ní èrìgì. Adùn rẹ̀ kì í pẹ́ tó kéèyàn ka orúkọ ẹni mẹ́ta. Káàdì tó bá sì fara kàn án nínú páàkì, àbàwọ́n ti bá a nìyẹn, kò níí kúrò láé. Topps yọ gọ́ọ̀mù kúrò lẹ́yìn ọdún 1991 nítorí àwọn àgbàlagbà tó ń kó káàdì jọ ló ń pariwo pé ó ń ba ọjà àwọn jẹ́. Àwa ọmọdé ò pariwo o. À ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń ra káàdì nílé wa, lọ́nà 79th Street ní Chicago. Kò gbà kí n tú páàkì, ó ní ọwọ́ mi ò mọ́. Ẹ̀yìn káàdì ló fi sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa kà á fún òun, kí n máa pe iye. Bí mo ṣe mọ ìpín ọgọ́rùn-ún nìyẹn kí tíṣà tó dé ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá wa tó ń wa takisí ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n bá wa lórí káàdì Tony Gwynn ti 1988. Wọ́n ní kí ni à ń wò tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ọkùnrin yìí ló gbá bọ́ọ̀lù dáadáa jù ní 1987, pé .370 ni máàkì rẹ̀, ìyẹn ìpín ìgbà tó fi igi gbá a dáadáa. Wọ́n ní, "Mẹ́tàdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, "Ó gbé káàdì ẹ̀ jáde? Ó tún rẹ́rìn-ín?" Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ti kàwé, F9 nìyẹn, wàá sì jẹ ẹgba lé e.

TánsánÌbàdàn

Kẹ̀ẹ́ kẹ̀ẹ́ kẹ̀ẹ́! F9! Bàbá yín ò ṣẹ̀ o.

Èmi ò dé Amẹ́ríkà rí, Mọ́kọ́lá ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù wo lẹ tún ń pè ní bọ́ọ̀lù tí èèyàn ń fi igi lù, tó tún ń sá lọ sílé? Tiwa ni tánsán. A ó ṣa tánsán nídìí ọtí lẹ́yìn ináwó, a ó gé orí Yekini àti Okocha láti inú ìwé ìròyìn eléré, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú tánsán, a ó wá tò wọ́n sórí tábìlì máa fi gbá bọ́ọ̀lù. Èyí tó bá ń yọ̀ dáadáa lo máa lẹ orí Okocha mọ́. Kò sí PSA kankan tó máa fún un ní máàkì. Ìyá mi ń gbá a lọ pẹ̀lú ilẹ̀ láràárọ̀.

Ọmọ_Peckham

Tánsán yẹn ló kàn mí jù! Lọ́dọ̀ tiwa ní London, sítíkà Merlin ti Premier League ni, láti 1994. Èèyàn á dúró sí pápá ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìdì sítíkà lọ́wọ́, ẹnìkejì á máa ṣí i wò: mo ní i, mo ní i, mi ò ní i. Èyí tó ń dán ni ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí Amokachi dé Everton, gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní kíláàsì wa ò jẹ́ fi tiẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ mọ́, kódà kó jẹ́ pé ó ní in lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹlòmíràn lẹ Efan Ekoku mọ́ iwájú ìwé Bíbélì. Ìdí rẹ̀ yé wa: ó gbá góòlù mẹ́rin wọlé fún Norwich lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1993, ẹni àkọ́kọ́ ni ní Premier League. Ó dára, mo kúrò lórí ọ̀rọ̀ yín, ẹ máa bá bésíbọ́ọ̀lù yín lọ.

Déjì_Bronx

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn káàdì tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ yẹn, tèmi tún yàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti bí wọn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ní àdúgbò wa ní Bronx, ọmọ Dominican ló yí wa ká. George Bell, Tony Fernández, Pedro Guerrero, Juan Samuel: yí káàdì wọn padà, ìlú kan náà ni wàá rí, San Pedro de Macorís. Ìlú ìrèké! Ọ̀rẹ́ mi kan tí bàbá rẹ̀ wá láti ibẹ̀ máa ń ka àwọn káàdì yẹn sókè bí ẹni ń ki oríkì ìdílé wọn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá tèmi. Mo ń yí káàdì padà, mò ń wá "Lagos", mò ń wá "Nigeria", mò ń wá orúkọ kan tó jọ tèmi. Mi ò rí nǹkan kan. Tíṣà wa ò lè pe Adédèjì, ṣùgbọ́n ó lè pe San Pedro de Macorís láìkọsẹ̀, torí bésíbọ́ọ̀lù.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n dúró ti káàdì, kì í ṣe owó. Ìgbà tí mo bá mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú Mets 1986, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù New York, kò sí ọmọ tó lè sọ fún mi pé kí n padà sí ibi tí mo ti wá. Dwight Gooden, Darryl Strawberry, Mookie Wilson, mo lè kà wọ́n lójú oorun.

Lọ́dún 2007 ṣá, bàbá mi pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní wọ́n ti rí ọmọ Yorùbá kan lórí tẹlifíṣọ̀n, Tampa Bay ló ń gbá fún, Akínọ̀rí lórúkọ ẹ̀. Akinori Iwamura ni! Ará Japan! Mi ò já wọn kulẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ra káàdì rẹ̀ fún wọn.

BàbáPáálí_Brooklyn

Déjì, o pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dáa, ọmọ Yorùbá gidi rèé, kí o má bàa máa wá Akínọ̀rí kiri: Demi Orimoloye. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló dàgbà sí, Milwaukee Brewers mú un ní 2015. Ó gbá a ní àwọn líìgì kékeré. Lọ wá káàdì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bowman, kò wọ́n.

ÌyáÌbejì_Maryland

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí èmi gbẹnu sọ fún àwọn ìyá yín, torí mo rí i pé gbogbo yín lẹ fi wá ṣe ẹlẹ́jọ́.

Ní 1989, dọ́là mẹ́ta àti sẹ́ńtì márùndínlógójì ni ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa san ó kéré tán fún wákàtí kan. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru ní Baltimore, mò ń gbé wọn sókè, mò ń yí wọn padà, mò ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn. Èmi àti bàbá wọn tún ń kàwé lọ́sàn-án. Ọmọ mi wá mú dọ́là kan géérégé, ó lọ ra páàkì Upper Deck. Bébà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Gọ́ọ̀mù gan-an ò sí nínú ẹ̀! Ẹ sọ fún mi, èwo ni kí n ṣe sí i?

Ìyẹn tún kéré. Mò ń gbálẹ̀ yàrá wọn, mo rí káàdì kan nílẹ̀, Billy Ripken, àbúrò Cal Ripken, agbábésíbọ́ọ̀lù tí gbogbo Baltimore ń bọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, ó gbé igi lé èjìká. Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kéré tán wọ́n ń wo ọmọlúwàbí. Mo bá rí i pé wọ́n kọ nǹkan sí ìdí igi náà. Mo gbé awò mi sójú. Ẹ̀yin ọmọ mi, èébú ni! Èébú rírùn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fún ọmọdé! Mo fà á ya sí mẹ́rin. Ọmọkùnrin náà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ó ní iṣẹ́ tó dáa, ó ní ìyàwó, a ò lè jẹun Kérésìmesì tán kó máà dárúkọ Billy Ripken. Tó bá tún di ọ̀la, màá tún fà á ya.

Àdùkẹ́_SouthSide

MÀ!!! Ẹ pa mí o. "Mo gbé awò mi sójú"!

BàbáPáálí_Brooklyn

Ẹ kú iṣẹ́ ìyá, mà. Fún àwọn tí kò mọ̀: Fleer 1989, nọ́ńbà 616. Ilé iṣẹ́ náà ò rí ọ̀rọ̀ yẹn títí káàdì fi bọ́ sọ́jà. Nígbà tí ariwo sọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Wọ́n fi àpótí dúdú bo òmíràn, wọ́n fi funfun pa òmíràn rẹ́, wọ́n ha gègé gátagàta lé òmíràn lórí. Ẹ̀yà rẹ̀ wá pọ̀, àwọn èèyàn sì ń wá gbogbo ẹ̀yà náà kiri. Nínú gbogbo nǹkan tí Fleer tẹ̀ lọ́dún yẹn, èébú yẹn ló pẹ́ jù nínú ọkàn èèyàn.

Láńre_Atlanta

Ìyá Ìbejì, èyí tó ní èébú kedere yẹn ń gba owó díẹ̀ o. Mi ò sọ nǹkan kan.

ÌyáÌbejì_Maryland

Má sọ ọ́.

AkínAlief

Ẹ ti jẹ́ kí n rántí bàbá mi. Ẹ gbọ́ èyí. Kì í ṣe bésíbọ́ọ̀lù gan-an, ṣùgbọ́n inú páálí kan náà ni mo ti rí i.

Gbogbo yín mọ ohun tí Olajuwon jẹ́ fún wa ní Houston. Ọmọ Èkó, University of Houston, Rockets mú un ṣìkínní ní 1984. Fleer ṣe káàdì basketball ní 1986, ọ̀wọ́ yẹn náà ni Michael Jordan wà. Nọ́ńbà 82 ni Olajuwon. "Akeem" ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí 1991 ló tó ní kí wọ́n máa fi H ṣáájú orúkọ òun. Mo gba tèmi lọ́wọ́ ọmọ Mexico kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Nolan Ryan, Mike Scott àti ìdì Astros kan ni mo fi gbà á, ó sì rò pé òun ló jẹ mí.

Bàbá mi tó ń pe káàdì ní bébà ajówó rí i lórí tábìlì. Wọ́n gbé e, wọ́n ka orúkọ náà sókè, wọ́n tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ohùn tó yẹ. Wọ́n fi í sínú àpò agbádá. Ináwó ìsọmọlórúkọ kan ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo rí káàdì mi bó ṣe ń lọ láti ọwọ́ kan sí òmíràn lórí tábìlì àwọn bàbá, láàárín iyán àti ẹ̀fọ́ rírò, oníkálukú ń sọ àdúgbò tí ìdílé rẹ̀ ń gbé l'Ékòó. Ẹnì kan ní òun mọ ọ́n nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Irọ́ ni. Nígbà tí káàdì máa padà wálé, epo ẹ̀fọ́ ti rin igun ọ̀tún nísàlẹ̀, àmì ìka wà lójú Akeem gan-an.

Láńre_Atlanta

Ẹ̀FỌ́?! Lórí Fleer 1986?! Ẹ̀yin ti pa káàdì! Kò ní ju máàkì ẹyọ kan lọ mọ́!

Àdùkẹ́_SouthSide

Láńre, èyí tó lẹ́fọ̀ọ́ yẹn ni mo fẹ́. Àwọn tó mọ́ ti pọ̀ jù láyé.

AkínAlief

Kò sí fún títà o, Àǹtí mi.

Bàbá Páálí, ẹ jọ̀ọ́, ìrànwọ́ kan. Ọ̀rinrin Houston ti wọ inú páálí méjì. Àwọn káàdì kan ti lẹ̀ mọ́ra wọn gbàgìdì, kódà wọn ò yà. Àwọn mìíràn sì wà tí mo fi rọ́bà dì nígbà yẹn.

BàbáPáálí_Brooklyn

Rọ́bà ti jẹ etí wọn nìyẹn. Èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ìdì ló máa ń fara gbá a jù, àárín lè ṣì dáa. Rọ́bà tó ti gbẹ tó lẹ̀ mọ́ káàdì, má fà á, gé e kúrò díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó lẹ̀ pọ̀, kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbẹ níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kì í ṣe nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà, di ìdì náà mú, tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa já ara wọn sílẹ̀ láti etí. Topps 1987 máa ń gbà torí bébà rẹ̀ ò dán. Upper Deck àti gbogbo káàdì tójú rẹ̀ ń dán, tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra, ojú ọ̀kan máa bá ẹnìkejì lọ. Má fi omi kàn wọ́n. Èyí tó bá wù ọ́, wọ̀ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́, kí o wá fi ike líle bò ó.

Kí o tó sọ ìyókù sílẹ̀, wo méjì fún mi. Upper Deck 1989 nọ́ńbà 1, Ken Griffey Jr., ọmọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé igi lé èjìká. Fìlà San Bernardino, ẹgbẹ́ líìgì kékeré, ló dé nínú fọ́tò gan-an, wọ́n kàn kùn ún kó lè di ti Mariners, ẹgbẹ́ ńlá tó wọ̀. Ó pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ọjọ́ orí yín ló ṣì ń wá a, torí náà ó ń tà. Èkejì ni Topps 1990, Frank Thomas, nọ́ńbà 414. Wo iwájú rẹ̀ bóyá orúkọ wà níbẹ̀. Àṣìṣe ìtẹ̀wé kan jẹ́ kí àwọn díẹ̀ jáde láìsí orúkọ, ìyẹn ni owó wà lára rẹ̀.

Àdùkẹ́_SouthSide

Bàbá, ẹ tẹ ibi tó ń dùn mí! Frank Thomas! White Sox wa! Gbogbo ọmọ South Side ló gbọ́ ìròyìn káàdì aláìlórúkọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, ẹnikẹ́ni tó bá ti jáde pẹ̀lú Topps 1990, wọ́n á ní kó ṣí i. Orúkọ máa ń wà ńbẹ̀ ṣáá ni. Ọmọkùnrin kan fi rọ́bà ìpàwérẹ́ pa orúkọ Thomas rẹ́, ó fẹ́ tà á fún ẹ̀gbọ́n mi ní ogún dọ́là. Ìlù ló jẹ.

Ohun tó pa á fún wa ni 1994. White Sox ló wà lókè ìpín wọn, a ti ń sọ pé ọdún wa dé. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, àwọn agbábọ́ọ̀lù daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò padà mọ́ lọ́dún yẹn, World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún, ò wáyé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé gbogbo páálí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó lọ sí yunifásítì, ó ní kí n máa lò wọ́n, ó ń ṣe bí ọba tó ń fi ìlú jìn. Wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wọn láti 2020 tí owó káàdì ti gbéra, mo ní ta ni ọwọ́ ẹ̀ mọ́ báyìí?

TánsánÌbàdàn

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má fún un o! Ẹ ní kó máa ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún yín.

AkínAlief

Mo ti yẹ̀ wọ́n wò. Griffey wà, ṣùgbọ́n igun kan ti ṣẹ́. Frank Thomas wà, orúkọ rẹ̀ wà gàdàgbà. Bo Jackson wà, ti Score 1990 yẹn, dúdú àti funfun, tó wọ ìhámọ́ra fútúbọ́ọ̀lù léjìká tó sì fi igi bésíbọ́ọ̀lù kọ́ ọrùn. Ìyẹn máa lọ sára ògiri, ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ọ̀rọ̀ máàkì.

Nǹkan mìíràn tí mo rí ni àwòrán Clemente, agbábésíbọ́ọ̀lù àtijọ́. Ẹ rántí pé kóòtù ò jẹ́ kí àwọn tó kù yàtọ̀ sí Topps fi gọ́ọ̀mù sínú páàkì mọ́ láti 1982, ni Fleer bá ń fi sítíkà sí i, Donruss ń fi àwòrán tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sí i, kéèyàn máa tò ó pọ̀. Ti 1987 jẹ́ Roberto Clemente, ègé mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Bàbá mi ló ń bá mi tò ó lórí kápẹ́ẹ̀tì, torí mo sọ fún wọn pé inú ọkọ̀ òfuurufú ló kú sí ní 1972 níbi tó ti ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí ilẹ̀ ríri bá ní Nicaragua. Wọ́n ní ẹni yìí yẹ ní títò. A ò tò ó tán. Ojú kan àti èjìká òsì ló kù.

Àdùkẹ́_SouthSide

Ojú wo?

AkínAlief

Tọ̀tún. Lábẹ́ fìlà.

Àdùkẹ́_SouthSide

Dúró, mò ń wo fáìlì… Mo ní in. Lẹ́ẹ̀mejì. Èjìká náà wà. Kí lo máa fún mi?

AkínAlief

Ẹ mú ohun tó bá wù yín. McGwire 1987 mẹ́fà? Barry Bonds?

BàbáPáálí_Brooklyn

Àdùkẹ́, má gba McGwire 1987 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la ní i. Èmi náà ń wá ẹni tó máa gba tèmi.

Àdùkẹ́_SouthSide

Ẹ ṣeun, Bàbá. Akín, Akeem ẹlẹ́fọ̀ọ́ tàbí kí Clemente máa fi ojú kan wò.

AkínAlief

Àǹtí mi, ẹ ṣàánú. Mo lè yà á ní fọ́tò fún yín.

Àdùkẹ́_SouthSide

Fọ́tò kẹ̀? Ó dáa, mo fẹ́ Bo Jackson.

AkínAlief

… Ẹ fi àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

ÌyáÌbejì_Maryland

Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo káàdì tí ẹ ní yìí, ta ló ní Billy Ripken tí wọ́n ti fi dúdú bo ìdí igi rẹ̀? Èyí tó bo dáadáa o. Kérésìmesì ń bọ̀.